Edina Lẹ́yìn Odi: Ìlú Apẹja Kan ní Etíkun Gáná

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, apẹja kì í wọ òkun ní ìlú Edina. Òfin àwọn àgbà ni. Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi òkun fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọ̀n lọ da omi láàmú. Ẹni tí ó bá gba orí afárá ọ̀sà Benya kọjá ní ọjọ́ yìí yóò rí ọkọ̀ onígi rẹpẹtẹ tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn létí omi, tí àsíá aláràbarà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí wọn, tí a sì fi ọ̀dà kọ àdúrà, òwe àti ọ̀rọ̀ inú Bíbélì sí wọn lára. Àwọn ọkùnrin a jókòó sábẹ́ ibòji, wọn a máa so ojú àwọ̀n tí ó ti já. Àlejò a dúró díẹ̀, a ya àwòrán, a sì tẹ̀ síwájú, nítorí kì í ṣe ọkọ̀ ni ó tìtorí rẹ̀ wá. Odi funfun ńlá tí ó wà níwájú ni ó ń lọ wò.

Odi yìí ni ó gbé orúkọ ìlú náà dé etí aráyé, Elmina ni ayé sì mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa Elmina sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ odi lélẹ̀, wọn a sì parí rẹ̀ sí ọjọ́ tí òyìnbó tí ó gbà á kẹ́yìn kó ẹrù rẹ̀ jáde, bí ẹni pé ilé ni ó bí ìlú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́bàá odi náà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ọ̀pọ̀ àlejò ń wò kọjá láì bèèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú ni ó wà níbẹ̀.

Edina wà ní Ẹkùn Àárín Gbùngbùn orílẹ̀-èdè Gáná, nǹkan bíi kìlómítà 12 sí ìwọ̀-oòrùn Cape Coast. Fàńtì, tí í ṣe ẹ̀ka kan nínú èdè Akan, ni èdè ibẹ̀. Ibi tí ìlú náà tẹ̀dó sí ni àṣírí gbogbo ìtàn rẹ̀. Ọ̀sà Benya yà wọ inú ilẹ̀ láti òkun, ó fi ahọ́n ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láàárín òun àti òkun, àpáta sì wà ní ṣóńṣó ahọ́n ilẹ̀ náà. Bí ìgbì bá le, ọkọ̀ kékeré lè sá wọ inú Benya kí ó fara pamọ́. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní etíkun tí ìgbì ń fọ́ lu iyanrìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kwaa Amankwaa ni ìtàn àtẹnudẹ́nu dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ ìlú dó, àwọn àgbà sì so ìpinnu rẹ̀ láti dúró mọ́ omi Benya. Ìdí tí ó mú un dúró náà ni ó mú òyìnbó dúró.

Ní ọdún 1471, àwọn atukọ̀ Potogí dé etíkun yìí, wọ́n sì rí i pé wúrà ń ti inú igbó wá sí ọwọ́ àwọn ará etíkun. Wọ́n pe agbègbè náà ní A Mina, èyí tí í ṣe ibi ìwa wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í wa wúrà ní Edina. Ọjà ni ó wà níbẹ̀. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1482, Diogo de Azambuja gúnlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi ènìyàn 600, ọmọ ogun, ọ̀mọlé àti gbẹ́nàgbẹ́nà. Òkúta tí a ti gbẹ́, ẹfun ìkọ́lé àti igi wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wá bèèrè bóyá kí òun kọ́lé. Ilé náà ni ó gbé wá.

Olórí ìlú tí ó pàdé rẹ̀ ni àwọn ìwé Potogí pè ní Caramansa. Àwọn òpìtàn òde òní gbà pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà jẹ́ Kwamena Ansa tí etí àjèjì kò gbọ́ yé. João de Barros, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1552, kọ ọ́ pé Caramansa kò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé. Àlàyé olórí náà ni pé àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa fẹ́ràn ara wọn ju àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ojú kan lọ, nítorí náà kí àlejò máa wá, kí ó sì máa lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. A kò tíì bí Barros nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wáyé. Ó sì jẹ́ àṣà àwọn òpìtàn Yúróòpù ìgbà náà láti fi ọ̀rọ̀ dídùn sí ẹnu àwọn olórí tí wọn kò bá pàdé rí. Síbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ náà, pé olórí Edina kò fẹ́ kí àlejò di onílé, bá ohun tí ó tẹ̀lé e mu. Nígbà tí àwọn ọ̀mọlé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta tí àwọn ará ìlú ń bọ, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì fara gbọgbẹ́. Ẹ̀bùn ni Azambuja fi pẹ̀tù sí i. Odi São Jorge da Mina dìde lórí àpáta náà, òun sì ni ilé tí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ilé tí òyìnbó kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ṣì dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú ń rí lónìí jẹ́ àfikún àwọn ará Hólàńdì.

Ẹni tí ó bá mọ odi yìí sí ilé ẹrú nìkan yóò ṣe háà bí ó bá gbọ́ pé, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹrú tí ó ń wọlé síbẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe èyí tí ó ń jáde. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń gbé wúrà wá láti inú igbó nílò alágbàrù tí yóò ru ọjà padà. Àwọn Potogí lọ ra ènìyàn ní ilẹ̀ Bìní àti ní àwọn odò agbègbè rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ kó wọn wá sí Edina, wọ́n sì fi wọ́n gba wúrà. Aṣọ híhun àti ìlẹ̀kẹ̀ láti ìhà kan náà bá wọn wá. Báyìí ni ọwọ́ ìlú apẹja yìí ṣe kan àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé ní ìtòsí Yorùbá, láì tíì sí ọkọ̀ kankan tí ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Duarte Pacheco Pereira, ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó dárúkọ Ìjẹ̀bú ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ni ó wá di olórí odi Mina láti ọdún 1519 sí 1522. Ẹnu ọjà kan náà ni Ìjẹ̀bú àti Edina ti wọ inú ìwé.

Orúkọ náà sì rìn jìnnà ju ìlú lọ. Nígbà tí òwò ẹrú di ńlá, àwọn Potogí àti àwọn ará Bùràsíìlì ń pe gbogbo etíkun tí ó wà ní ìlà-oòrùn Elmina, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Fọ̀n àti Yorùbá, ní Costa da Mina. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò fi ojú kan Edina rí fi di Mina nínú ìwé àwọn tí ó rà wọ́n. Ní ìlú São Luís ní ìpínlẹ̀ Maranhão, Tambor de Mina ni orúkọ ẹ̀sìn tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn dá sílẹ̀. Ilé ìsìn méjì tí ó lókìkí jù níbẹ̀ ni Casa das Minas, tí ó jẹ́ ti àwọn vodun Dàhómì, àti Casa de Nagô, tí ó jẹ́ ti àwọn òrìṣà Yorùbá. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó ń sọ Fàńtì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí orúkọ ẹ̀yà ṣe máa ń tàn ènìyàn jẹ kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó ju èyí lọ.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ará Edina gan-an náà rìn, kì í sì í ṣe nínú ẹ̀wọ̀n ni gbogbo wọn fi rìn. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n bá lọ. Láti ẹnu odò Volta lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbì a máa fọ́ ní ẹsẹẹsẹ kí ó tó kan iyanrìn, ọkọ̀ ńlá òyìnbó kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀. Òkèèrè ni yóò ti ju ìdákọ̀ró. Gbogbo ohun tí yóò bá wọlé tàbí jáde, ìbá à ṣe aṣọ, ìbọn, ọtí tàbí ènìyàn, inú ọkọ̀ onígi ni yóò gbà. Àwọn ará Ouidah àti àwọn aládùúgbò wọn mọ omi ọ̀sà dáadáa, ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe pápá wọn. Nítorí náà, ọkọ̀ òyìnbó tí ó bá ń lọ síbẹ̀ a kọ́kọ́ yà sí Elmina tàbí Cape Coast, a gba àwọn atukọ̀ síṣẹ́, a sì gbé àwọn àti ọkọ̀ wọn lọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré: ẹni tí ó jókòó ní ìdí ọkọ̀ ni ó ń ka ìgbì, tí ó ń mọ èyí tí ó yẹ kí a jẹ́ kí ó kọjá àti èyí tí a lè gùn, bí ó bá ṣìnà, ọkọ̀ á dojú dé, ẹrù á lọ, ẹ̀mí náà sì lè lọ. Wọ́n mọ iye tí iṣẹ́ wọn tó, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn kan lára wọn kò padà sílé mọ́. Wọ́n tẹ̀dó sí Aného, ní ilẹ̀ tí ó di Tógò lónìí, níbi tí àwọn Gã tí wọ́n sá kúrò ní Accra ti wá di aládùúgbò wọn. Èdè Gẹ̀n tí àwọn ọmọ wọn ń sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Mina títí di òní, bẹ́ẹ̀ ẹbí Ewe ni èdè náà, kì í ṣe ẹbí Fàńtì. Àwọn atukọ̀ náà sọ èdè ìyàwó àti aládùúgbò, orúkọ ìlú wọn nìkan ni ó kù.

Ní ti bí odi ṣe kúrò lọ́wọ́ Potogí, ìtàn rẹ̀ kò gùn. Àwọn ará Hólàńdì gbìyànjú láti gbà á ní ọdún 1625, àwọn ọmọ ogun Edina bá Potogí lé wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá ní ọdún 1637, wọn kò kọjú sí odi mọ́. Wọ́n gun òkè São Tiago tí ó wà ní òdìkejì Benya, wọ́n gbé àgbá sí orí rẹ̀, wọ́n sì ń ti òkè yin ọta lu odi. Ó ṣubú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀ fún wọn, àwọn ará Hólàńdì kọ́ odi kékeré kan, Coenraadsburg, sí orí òkè náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye Edina, kí ó kọ́kọ́ gun òkè yìí kí ó tó wọ inú odi ńlá, nítorí láti ibẹ̀ ni yóò ti rí òkun, ọ̀sà, afárá, ọjà ẹja àti odi ní ìwò kan ṣoṣo, tí yóò sì hàn sí i pé odi kò ju igun kan lọ nínú àwòrán náà.

Lábẹ́ Hólàńdì ni òwò ẹrú wá gba odi náà kan. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1814 tí ìjọba wọn fi òfin dè é. Àwọn ọkọ̀ Bùràsíìlì tí wọ́n ń gbé tábà Bahia wá ra ẹrú ní Ouidah náà ní láti dúró ní Elmina kí wọ́n san ìdámẹ́wàá tábà náà fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Hólàńdì kí wọ́n tó lè kọjá. Àgbàlá àwọn obìnrin ṣì wà nínú odi, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí gómìnà fi ń wò wọ́n. Ẹnu ọ̀nà tóóró tí a ń gbà bọ́ sínú ọkọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn yàrá inú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọ̀ dáadáa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lókè ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wọn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ láti inú Orin Dáfídì 132 ní èdè Hólàńdì, nípa ibi tí Olúwa yàn láti máa gbé. Afinimọ̀nà a máa dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì tọ́ kí ó dákẹ́.

Inú odi yìí kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti kọ èdè Fàńtì sílẹ̀ ti wáyé, ẹni tí ó sì ṣe é mú kí ọ̀rọ̀ náà le láti sọ. A ta Jacobus Capitein ní ọmọdé, a mú un dé Hólàńdì ní ọdún 1728, ó sì kàwé dé Yunifásítì Leiden. Ní ọdún 1742 ó kọ ìwé ní èdè Látìn láti fi hàn pé níní ẹrú kò tako òmìnira ìgbàgbọ́ Kristi, ìwé náà sì tà gan-an. Ní ọdún náà ni ó padà sí Elmina gẹ́gẹ́ bí àlùfáà àwọn òyìnbó inú odi. Ó kó àwọn ọmọ jọ, ó kọ́ wọn ní ìwé, ó sì túmọ̀ Àdúrà Olúwa, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Òfin Mẹ́wàá sí Fàńtì. A tẹ̀ wọ́n ní Leiden ní ọdún 1744. Ọdún 1747 ni ó kú ní Elmina, kò pé ọmọ 30 ọdún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún lẹ́yìn ìwé kékeré yẹn kí Samuel Ajayi Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ẹrú tí a tú sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rò nípa oko ẹrú kò bára mu rárá. Àwọn olùkọ́ èdè sábà máa ń fi ìtùmọ̀ Capitein yangàn, wọn a sì fo ìwé Látìn rẹ̀ dá. Kò yẹ kí a ya wọ́n, nítorí ọwọ́ kan náà ni ó kọ méjèèjì.

Láti ọdún 1831 títí di ọdún 1872, àwọn ará Hólàńdì kó nǹkan bíi 3,000 ọkùnrin láti Elmina lọ ṣe ọmọ ogun ní Java àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹrú tí a rà nílẹ̀ Àṣáńtì, tí wọ́n sì ń fi owó oṣù wọn san owó ìdáǹdè ara wọn. Àwọn tí wọ́n padà wá tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Òkè Java títí di ìsinsìnyí, mùsíọ̀mù kékeré kan sì ṣí ní ìlú náà ní ọdún 2003 láti sọ ìtàn wọn. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ pé aṣọ àtíbàǹtẹ́ tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí dì mọ́ ẹrù wá ni ó bí àǹkárá. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti yẹ ìwé oníṣòwò wò rí i pé ní àwọn ọdún 1890 sí i ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ onídà náà wá tà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun yẹn ti darúgbó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbalasa ni ó kù. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará Hólàńdì ti ń san owó kan fún ọba Àṣáńtì lọ́dọọdún. Owó oúnjẹ ni wọ́n pè é; ìṣákọ́lẹ̀ ni ọba Àṣáńtì pè é. Níwọ̀n ìgbà tí owó ń wọlé, kò sí ẹni tí ó bèèrè èwo ni ó jẹ́ òótọ́. Nígbà tí Hólàńdì pinnu láti fi gbogbo odi rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè náà dé. Àwọn ará Edina jẹ́ ọ̀rẹ́ Àṣáńtì, àwọn Fàńtì aládùúgbò wọn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gba odi ni yóò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá fún. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1872, a sọ àsíá Hólàńdì kalẹ̀. Kobina Gyan, ọba Edina, kò fara mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé a kò bi àwọn onílùú léèrè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọdún 1894 ni ó tó padà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1873, pẹ̀lú ogun Àṣáńtì tí ó ti súnmọ́ tòsí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ kí àwọn ará ìlú tí ó wà lẹ́bàá odi kó ohun ìjà wọn sílẹ̀. Wọn kò kó o. Àgbá odi tí ó ti ń kọjú sí òkun fún ìgbà pípẹ́ wá rọ̀jò ọta sórí ìlú tí ó wà ní ìdí rẹ̀, a sì fi iná sun ohun tí ọta kò wó. Lẹ́yìn náà ni a tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, a sì fi í ṣe ibi tí ọmọ ogun ti ń yan. Wọn kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Edina tí àlejò ń rí lónìí, ní òdìkejì afárá, ni ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ fẹ̀.

Láti ọdún 1985 ni Christopher DeCorse àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wa ilẹ̀ náà. Wọ́n bá ìpìlẹ̀ àwọn ilé olókùúta, wọ́n bá àwo òyìnbó pẹ̀lú ìkòkò tí a mọ ní ilé, wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì bá òkú àwọn àgbà ní abẹ́ ilẹ̀ yàrá, àṣà tí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ohun tí ìwé DeCorse, tí ó jáde ní ọdún 2001, tẹnu mọ́ ni pé bí àwo àti ìgò òyìnbó ti pọ̀ tó nínú àwọn ilé náà, àwọn ará Edina ń gbé ìgbé ayé Akan wọn lọ nínú wọn. Wọ́n ra ohun tí ó wù wọ́n, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ di òyìnbó. Ìwé ìròyìn arìnrìn-àjò kì í sábà mẹ́nu ba èyí. Ẹni tí ó bá ti odi jáde, kí ó rìn díẹ̀ lórí koríko náà. Orí ilé àwọn ènìyàn ni ó ń rìn. Odi tí ó wó wọn ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1979.

Odi náà ṣì rí ẹlẹ́wọ̀n pàtàkì kan lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 1896, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Prempeh Kìíní, ọba Àṣáńtì, mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Freetown, àti lẹ́yìn náà sí erékùṣù Seychelles. Ọdún 1924 ni ó fojú kan ilé.

Ní ìlú tuntun, ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àṣà wò pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ asafo, èyí tí ó túmọ̀ sí ará ogun, ni wọ́n ń dáàbò bo ìlú láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ bàbá sì ni ọmọ ti ń jogún ẹgbẹ́. Ní ti oyè ọba pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ bàbá ni Edina gbé e sí, ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ láàárín àwọn Akan tí ìdílé ìyá ni wọ́n fi ń jọba. Ilé ojúbọ asafo, tí wọ́n ń pè ní posuban, wà lójú títì fún ẹni tí ó bá ń kọjá: lórí ọ̀kan, Ádámù àti Éfà dúró, lórí òmíràn, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí ó bá lágbára ní ayé ni ẹgbẹ́ ń gbé sí orí ojúbọ rẹ̀, kò sì kàn wọ́n bóyá ilé ni ó ti wá tàbí òkèèrè.

Ọgbọ́n yìí ni a rí nínú ọ̀rọ̀ Ntona. Nígbà tí Potogí lọ, ère Ántóníò Mímọ́ kan kù sẹ́yìn. Àwọn ará ìlú gbà á, wọ́n sọ ọ́ di Ntona, wọ́n yan àlùfáà fún un, wọ́n sì ń bọ ọ́ fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ láì sí fadá kankan nítòsí. Ní ọdún 1880, àwọn àlùfáà SMA méjì, Auguste Moreau àti Eugène Murat, gúnlẹ̀ láti mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wá, wọ́n sì bá àwọn àmì ẹ̀sìn wọn kan nínú ìbọ Ntona. Ẹgbẹ́ àlùfáà yìí kan náà ti wà ní Èkó láti ọdún 1868, níbi tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì bọ̀ ti ń pa ìgbàgbọ́ mọ́ kí fadá tó dé. Èdè náà pa ohun tirẹ̀ mọ́: búrẹ́dì ni paanoo, ẹlẹ́dẹ̀ ni prako, láti ẹnu Potogí, gèlè ni duku, láti ẹnu Hólàńdì. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní ọdún, Edina ń ṣe ọdún kan tí ó ń jẹ́ Bronya, orúkọ tí Fàńtì ń pe Kérésìmesì, ṣùgbọ́n àwọn òkú ọ̀run ni a ń rántí níbẹ̀, ìlú ni a sì ń wẹ̀ mọ́.

Gbogbo èyí ń lọ ní ìlú tí ó ṣì ń jẹun láti inú òkun. Igi tí àwọn Akan ń pè ní wawa, tí Yorùbá mọ̀ sí arère, ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe ọkọ̀. Inú igbó lọ́hùn-ún ni a ti ń gé e, igi ńlá sì ti ń wọ́n. Ọkùnrin ní ń pa ẹja, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, agbára kúrò lọ́wọ́ wọn. Obìnrin ni ó ń dá iye lé e, obìnrin ni ó ń yan án, tí ó ń gbé e lọ sí ọjà òkè, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé obìnrin náà ni ó ti yá ọkọ̀ ní owó epo. Olórí àwọn oníṣòwò ẹja ń jẹ́ konkohemaa, olórí apẹja kì í sì í fojú kéré rẹ̀.

Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù a ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, ẹja ṣáwá á sì bá a wá. Ìgbà náà ni ọdún apẹja. Ṣùgbọ́n ṣáwá ti dín kù gidigidi. Àwọn ọkọ̀ onírin ńlá, tí ó yẹ kí wọ́n máa pa ẹja ìsàlẹ̀ omi, ń kó ẹja kéékèèké tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ onígi, wọ́n ń sọ wọ́n di yìnyín, wọ́n sì ń tà wọ́n lójú òkun fún àwọn ọkọ̀ tí a dìídì ṣe fún òwò náà. Saiko ni a ń pè é. Òfin kà á léèwọ̀, síbẹ̀ Elmina wà lára àwọn èbúté tí ó ti gbilẹ̀ jù. Apẹja tí kò rí ẹja pa lóru a tún rí i ní òwúrọ̀ tí a ń já ẹja kan náà sílẹ̀ ní yìnyín lójú rẹ̀. Ní ọdún 2019, ìjọba kọ́kọ́ fi oṣù kan ti òkun pa mọ́ àwọn ọkọ̀ onígi kí ẹja lè bí sí i. Ní ọdún 2025, ó yọ wọ́n kúrò nínú òfin náà. Ẹni tí ó bá rò pé ìjọba ni ó kọ́ àwọn ará Edina láti dáwọ́ ẹja dúró kò tíì dé ọdún Bakatue.

Bakatue ni ìṣílẹ̀kùn ọ̀sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú rẹ̀, a ó ti fòfin de ẹja pípa nínú Benya. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, ọba yóò jáde lórí àga tí a fi èjìká rù, àwọn ìjòyè yóò tẹ̀ lé e, àwọn asafo yóò máa yìnbọn. A ó fi iṣu gígún pẹ̀lú ẹyin bọ Nana Benya. Lẹ́yìn náà ni a ó ju àwọ̀n sínú ọ̀sà lẹ́ẹ̀mẹta, ojú gbogbo ènìyàn á sì wà lára àwọ̀n náà bí ó ti ń jáde. Ohun tí ó bá mú jẹ́ ti Benya. Àwọn ọkọ̀ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yóò sáré ìje lójú omi lábẹ́ odi, ọ̀sà yóò sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òkun kò tíì ṣí, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó di ìdájí ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ti àwọn ọkọ̀ jáde gba ẹnu Benya, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, lọ bá ìgbì.